Ọ̀gá ń lọ, ọ̀gá ò tíì dé: ta ló ń bá wa sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbí n'Íbàdàn ni mo kọ sílẹ̀ yìí nítorí àwọn tí ò ráàyè wá. Mi ò tún un ṣe púpọ̀, bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ni mo fi sílẹ̀, títí kan ibi tí mo ti pẹ́ jù àti ibi tí alága ti ń nàka sí aago.

Ohun kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Tí VC, ìyẹn ọ̀gá àgbà yunifásítì, bá ń parí sáà ẹ̀, tí ẹni tó kàn ò tíì jókòó, gbogbo lẹ́tà tó bá jáde láti ọ́fíìsì yẹn gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ nínú, ọjọ́ tí a ó tún gbọ́ nǹkan. Ẹ sọ ohun tó ti dájú, ẹ sọ ohun tí kò tíì dájú, ẹ sọ ẹni tí ìpinnu náà wà lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá dá ọjọ́ tí ẹ máa padà wá bá wa sọ̀rọ̀. Bí ọjọ́ yẹn bá pé tí kò sí ìròyìn tuntun, ẹ ṣì kọ̀wé, kẹ́ ẹ ní kò tíì sí. Mo ti ń sọ èyí láti ìpàdé dé ìpàdé, àwọn kan ti mọ̀ ọ́n sórí, mi ò ní dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Ẹlẹ́yẹlé. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ University College, inú ilé tí àwọn sójà fi ṣe ọsibítù nígbà ogun ni wọ́n kó wọn sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Higher College ní Yábàá dé ni, Kenneth Mellanby sì ni olórí wọn. Ibi tá a mọ̀ sí UI, Yunifásítì Ìbàdàn, lónìí ò tíì sí. Ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n tó ṣí ilẹ̀ ẹ̀, òun la fi ń ṣe ọjọ́ ìdásílẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ fojú inú wo ọmọ tó ti Èkó wá síbi tí wọn ò tíì kọ́lé sí, tó jẹ́ pé Yunifásítì London ló máa fún un ní díígírì tó bá ṣe tán. Ohun tó ń dà á láàmú ò yàtọ̀ sí tiyín: ìgbà wo la máa kó lọ, ta ló máa kọ́ wa, ṣé ìwé-ẹ̀rí yìí á gbé wa débì kankan? Ní 1960 Kenneth Dike di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí ẹ̀, ní 1962 a kúrò lábẹ́ London, a dá dúró, Dike náà di VC, ó sì fipò sílẹ̀ lópin 1966 nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí ti ń gbóná. Ẹ ka àwọn àyípadà yẹn, láàárín ọdún 18 péré ni. Nítorí náà tí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ àyípadà ọ̀gá kì í ṣe nǹkan tó yẹ ká ṣètò fún, pé á kọjá lọ, mi ò gbà fún un. Kì í kọjá, ó máa ń tún dé.

Ó dáa, 2020. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Òfin òmìnira yunifásítì tí wọ́n ṣe ní 2003 sọ ọ́ kedere pé ọdún 5 ni VC máa lò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí àtúnyàn, àti pé adelé VC ò gbọdọ̀ lò ju oṣù 6 lọ. Sáà Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìdòwú Ọláyínká parí lópin oṣù Kọkànlá 2020, ìjọba àpapọ̀ sì ti dá ètò yíyan ẹlòmíì dúró kó tó di ìgbà yẹn, wọ́n wá fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébọ́lá Ekanola ṣe adelé. Oṣù 6 kọjá. Oṣù Kẹwàá 2021 ni wọ́n tó kéde Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Adébọ̀wálé. Mi ò ní tún ìtàn àwọn ìwọ́de sọ, tàbí ti àwọn tó ní ọmọ Ìbàdàn ló kàn, tàbí ti ẹ̀sìn tí wọ́n tún fi lé e lórí, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ohun tó ń dùn mí nínú ẹ̀ ni àwọn tí ò bá ẹnikẹ́ni du ipò kankan, tí wọ́n kàn ń retí. Ẹni tí àgbéga ẹ̀ wà lórí tábìlì. Ọmọ PhD tí ìwé ẹ̀ ń dúró de ìfọwọ́sí. Kọ̀rónà ti kó wọn nílé láti oṣù Kẹta, kíláàsì wá di orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n máa bi. Níbi tí kò bá ti sí ọ̀rọ̀ láti òkè, àgbọ́sọ á gbapò ẹ̀, n'Íbàdàn níbí sì rèé, kí ọ̀rọ̀ tó ti Agodi dé Ọ̀jọ́ọ̀, ó ti bí ọmọ mẹ́ta. Ọdún 5 tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 yẹn náà, 2026 ló ń pé, ẹ fi sọ́kàn.

Ẹ wá wo ìlú tó gbà wá lálejò. Lọ́jọ́ 7 oṣù Keje 2025, Ọba Ọlákùlẹ́hìn, Olúbàdàn, wàjà. Ṣé ẹ gbọ́ kí ẹnì kankan béèrè pé ta ló kàn? Ìlà Òtún àti ìlà Balógun tí Olúbàdàn ń ti inú wọn jáde wà níbẹ̀, ọmọdé tó bá dàgbà n'Íbàdàn lè ka àwọn tó wà lórí àkàbà, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé Rashidi Ládọjà ni. Ọjọ́ tó máa gorí àpèrè nìkan ló kù tí wọ́n ń retí, nígbà tí wọ́n sì kéde ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, kálukú lọ rán aṣọ. Ó lé ní oṣù méjì tí ìlú fi wà láì ní Olúbàdàn, ọjà Bódìjà ò dàrú. Mo mọ̀ pé VC kì í ṣe oyè, ìdánwò àti ìbò Káńsù, ìgbìmọ̀ tó ń darí yunifásítì, wà nínú tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ lè sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà, ẹ sì lè sọ ọjọ́.

Àwọn tó ń ta kò mí, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn lọ́yà iléèwé ní ẹjọ́ wà ní kóòtù, kí ọ̀gá má sọ nǹkan kan. Kò burú, ẹ sọ fún wa pé ẹjọ́ wà ní kóòtù, ẹ sọ ọjọ́ tí kóòtù sún un sí, ìyẹn ò ba ẹjọ́ kankan jẹ́, ara ògiri kóòtù ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́! Àwọn mìíràn ní tí ọ̀gá bá ní òun ò mọ̀, iyì ẹ̀ á dínkù. Mo takò yín lórí èyí títí láé. Ohun tó ń dín iyì ọ̀gá kù ni kó ní gbogbo nǹkan ń lọ déédéé ní ọjọ́ Ajé, kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì ti géètì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ rántí 2017, ọ̀rọ̀ káàdì ìdánimọ̀ tí àwọn ọmọ ò rí gbà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìdáná tí wọ́n ń pè ní họ́típ­léètì. Ó parí sí kí wọ́n ti iléèwé, kí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ dúró títí di 2019. Káàdì! Ẹ sọ pé ẹ̀rọ bàjẹ́, ẹ dá ọjọ́.

Àti pé ọ̀rọ̀ kékeré kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ń dùn. Ní 1971 ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní hóòlù Zik ló bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ 1 oṣù Kejì ọdún yẹn ọlọ́pàá yìnbọn pa Kúnlé Adépẹ̀jú, akẹ́kọ̀ọ́ UI. Mi ò sọ pé lẹ́tà kan ì bá gba ẹ̀mí ẹ̀ là, mi ò ní í fi òkú ọmọ ọlọ́mọ gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀gá tó jókòó níwájú mọ bí inú èèyàn ṣe máa ń rí tó bá ti béèrè béèrè tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí màmá kan nàwọ́ sókè lẹ́yìn. Pọ́tà ni wọ́n ní hóòlù obìnrin kan. Wọ́n ní, “Prọ́f, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti ń sọ lẹ́tà, lẹ́tà, látàárọ̀. Ta lẹ ń kọ ọ́ sí? Àwa ò ní ímeèlì iléèwé. Àwọn tó ń gbálẹ̀ ò ní. Ẹnu àwọn ọmọ tó ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wa la ti ń gbọ́ pé wọ́n ti yọ VC.”

Gbogbo ilé dákẹ́. Mo ní nǹkan mẹ́ta tí mo ṣì fẹ́ sọ, mo pa ìwé mi dé, mo ní ká jọ dá màmá lóhùn. Torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Búlẹ́tìnnì ń jáde, òyìnbó ni, òyìnbó tó nípọn tí ẹni tó ka ìwé gan-an máa kà lẹ́ẹ̀mejì, orí fóònù àti pátákó ọ́fíìsì Rẹ́jísítírà ló ń parí sí. Ẹni tó sì ń bẹ̀rù jù lásìkò tí ọ̀gá ń yí padà ni ẹni tí kọ́ńtíráàtì ẹ̀ lè tán lọ́la: àwọn tó ń gbálẹ̀, àwọn sìkíọ́ríti, àwọn màmá tó ń se oúnjẹ tà nínú ọgbà tí wọ́n fi owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò ní bá VC lọ, kò sẹ́ni tó máa lé e lẹ́nu iṣẹ́ torí VC yí padà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìkéde kan lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù, màmá ló ń sọ fún wa ibi tí kò bá ti yé wọn. Ó jáde báyìí: “Sáà VC wa ti parí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lágbájá ló ń ṣe adelé. Iṣẹ́ yín ń lọ bó ṣe wà, owó oṣù yín ò yí padà. Kọ́ńtíráàtì àwọn tó ń gbálẹ̀, Káńsù ò tíì jókòó lé e lórí, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa jókòó. Aago 10 ọjọ́ Ẹtì, ẹ ó gbọ́ àbájáde ẹ̀ níbí yìí.” Kò ju ìyẹn lọ. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé pọ́tà gbogbo, mọ́ géètì, mọ́ ilé oúnjẹ, kí wọ́n kà á ní Yorùbá lórí Diamond FM, rédíò tiwa ni, inú ọgbà ló wà. Ẹnì kan ní àwọn Haúsá àti Íbò tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ńkọ́, mo ní ẹ kọ tiwọn náà, àwọn tó máa bá yín kọ ọ́ ò jìnnà.

Ibẹ̀ ni àsìkò ti tán. Mo sáré sọ ìyókù: kí ọ̀gá tó ń lọ má fi iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ lóṣù tó kẹ́yìn, kí adelé má ṣe bí ẹni tí ò lágbára kankan, Sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ń jókòó, ìdánwò ń lọ, kí ẹni tuntun fojú kan òṣìṣẹ́ kó tó lọ fojú kan oníròyìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn tó ìjókòó kan fúnra ẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tún sáré béèrè pé ìlérí tí VC tó ń lọ bá ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ lórí owó iléèwé ńkọ́. Mo ní Káńsù kì í bá VC lọ sílé, kí wọ́n lọ wo mínítì ìpàdé bóyá ó wà níbẹ̀. Tó bá wà, kí wọ́n mú un dání lọ bá adelé. Tí kò bá sí, kí wọ́n tètè wọ ìjíròrò tuntun kó tó di pé owó sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀ jáde.