Kó O Tó Fọwọ́ Kan Ìkòkò Mi: Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Ọmọọṣẹ́ Tuntun Ní Búkà

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aago 5 ìdájí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ní Kubwa, Abuja níbí, iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ lẹ̀ ń gbọ́ lẹ́yìn yẹn, ẹ má bínú sí ariwo ẹ̀. Àbúrò tó dúró tì mí yìí, òní ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó mọ oúnjẹ sè o, àmàlà ẹ̀ kì í ní kókó, àmọ́ kéèyàn sè fún ìdílé ẹ̀ yàtọ̀ sí kó sè fún ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ò mọ̀ rí, kí gbogbo wọn sì jẹ ẹ́ láìṣàìsàn, ìyẹn gan-an la fẹ́ kọ́ lónìí. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní búkà, ní hòtẹ́ẹ̀lì, ní ibi tí wọ́n ti ń dáná fáwọn ọmọ ilé ìwé, ẹ jókòó tì wá.

Ọwọ́ la máa fi bẹ̀rẹ̀. Àbúrò, na ọwọ́ ẹ méjèèjì síbí. Epo pupa rèé, ṣíbí kékeré kan péré, fi pa àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀yìn ọwọ́. Ó dáa, wá lọ fọ̀ ọ́ bó o ṣe máa ń fọ̀ ọ́ nílé.

Ẹ rí i? Ó bu omi sí i, ó fi ọṣẹ ra á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbọn omi dànù, ó tán. Mo kà á, kò ju ìṣẹ́jú àáyá 6 lọ. Ẹ gbé kámẹ́rà súnmọ́ ibí dáadáa. Tíṣù funfun rèé, mo fi nu ìdí àtàǹpàkò ẹ̀, ẹ wò ó, ó pọ́n. Mo fi nu àárín ìka, ó pọ́n. Abẹ́ èékánná ńkọ́, epo ṣì jókòó síbẹ̀ bíi pé kò tiẹ̀ fọwọ́ rárá. Torí pé epo pupa ni lẹ ṣe rí i o. Tó bá jẹ́ ìgbẹ́ ni, tó bá jẹ́ omi ara adìẹ tútù ni, ẹ ò ní rí nǹkan kan, inú ọbẹ̀ ló máa gbà lọ.

Wò mí báyìí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó lẹ́nu ẹ̀rọ la fi ń fọwọ́ níbí, omi tó ń ṣàn, kì í ṣe abọ́ kan tí gbogbo èèyàn ń ti ọwọ́ bọ̀. Fi omi rin ọwọ́ ẹ, gba ọṣẹ, ra àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ra ẹ̀yìn ọwọ́, ti ìka bọ àárín ìka, di àtàǹpàkò mú kó o yí i, kó o wá fi orí ìka ha àtẹ́lẹwọ́ kí ọṣẹ lè dé abẹ́ èékánná. Máa kà á lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé 20. Ṣan án, kó o fi tíṣù nù ún gbẹ. Má fi ìró nù ún, má fi épúrọ́nì nù ún, ṣé o ti gbàgbé ohun tó wà lára épúrọ́nì yẹn láti àárọ̀ ni?

Ìgbà wo lèèyàn ń fọ̀ ọ́? Tó o bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, tó o bá fọn ikun, tó o bá gé ẹran tútù, tó o bá da ìdọ̀tí nù, tó o bá fọwọ́ kan fóònù. Owó ńkọ́? Náírà tí wọ́n ń ná láti Nyanya dé Zuba, ọwọ́ mélòó ló ti kọjá? Nílé oúnjẹ mi, ẹni tó ń gba owó tó sì ń di POS mú kì í bu oúnjẹ. Ká tiẹ̀ ní èrò pọ̀ títí dé títì, kì í bù ú.

Omi. Ọ̀pọ̀ wa nígboro yìí, ọwọ́ mai ruwa, àwọn tó ń ti omi kiri tà, la ti ń rà á. Mi ò bá wọn jà o, iṣẹ́ agbára ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń bá wa gbé ìlú dúró, àmọ́ ẹ yọjú wo inú kẹ́ẹ̀gì yẹn lọ́jọ́ kan. Òmíì ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé nínú. Omi tá a máa mu, tá a máa fi fọ ewébẹ̀ tí ò ní kan iná mọ́, a máa ń sè é kó hó yaya, ká tó jẹ́ kó tutù nínú nǹkan tó lọ́mọrí. Lọ́dún 2021, kọ́lẹ́rà jà káàkiri Nàìjíríà, àwọn tó kú lé ní 3,000. Omi ẹlẹ́gbin àti oúnjẹ tí irú omi bẹ́ẹ̀ kàn ló ń gbé e wọnú èèyàn. Mo bẹ yín, ẹ má fojú kéré omi.

Pákó ìgé-nǹkan, méjì ni. Èyí tí mo fi téèpù pupa lẹ̀ létí yìí, ẹran àti adìẹ tútù nìkan. Ìkejì, tòmátì, ata, àlùbọ́sà. Bákan náà lọ̀bẹ, ó parí. Gààrí àtẹ̀wà sì máa ń wà nínú ike tó ní ọmọrí, torí eku ló ń gbé ibà Lassa kiri, ìtọ̀ ẹ̀ lásán tó kán sí gààrí ti tó. Ìlú Lassa, ní Borno níbí lókè Ọya, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àìsàn yẹn mọ̀ ní 1969.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi ìrẹsì. Mi ò tíì sọ èyí lórí fídíò rí. Oṣù kẹta ọdún kan, ooru mú gan-an, jọ̀lọ́ọ̀fù kù nínú ìkòkò ńlá nígbà tá a fẹ́ ṣíwọ́ lálẹ́, mo dé e, mo sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́ mo gbóòórùn ẹ̀, kò kan. Mo tọ́ ọ wò, ó dùn. Mo dáná sí i, ó gbóná débi tí èéfín ń rú, mo tà á. Kó tó di ọ̀sán, mẹ́rin nínú àwọn tó jẹ ẹ́ ti ń bì, ọ̀kan nínú wọn dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn mi yìí, ó di ikùn mú, ó ń pè mí ní “Mama, Mama”. Ọlọ́run yọ mí, gbogbo wọn gbádùn. Ohùn yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn rèé. Kòkòrò kan tójú ò lè rí wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus, inú ìrẹsì tútù ló ti ń bá wa bọ̀ látọjà. Téèyàn bá se ìrẹsì, kòkòrò yẹn lè kú, àmọ́ ó ní irúgbìn kan tí ìsè ò pa. Tí ìrẹsì bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí mélòó kan, irúgbìn yẹn á jí, á máa pọ̀, á máa pọ májèlé sínú oúnjẹ. Tó o bá tún un gbé kaná láàárọ̀, iná á pa kòkòrò, àmọ́ májèlé ò gbọ́ tiná. Kò rùn, kò korò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé “ṣáà gbé e kaná dáadáa”, ẹ jọ̀ọ́, iná ò lè tún oúnjẹ tó ti bà jẹ́ ṣe.

Láti 5 dé 60 lórí tẹmómítà Celsius, ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń gbádùn ara wọn, ooru Abuja sì wà láàárín ẹ̀ gbọnrangandan. Níbi tó bá tù wọ́n lára, ọ̀kan lè di méjì láàárín ìṣẹ́jú 20. Ẹ ṣírò ẹ̀: lẹ́yìn wákàtí 2, ọ̀kan ti di 64. Lẹ́yìn wákàtí 7, ó ti lé ní mílíọ̀nù 2. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní oúnjẹ tó ti jinná ò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ láìgbóná láìtutù.

Nítorí náà, ìkòkò kéékèèké la fi ń se ìrẹsì báyìí, tọ́kan bá ń tán la tún gbé òmíì kaná. Èyí tó wà nínú kúlà, mo máa ń ki tẹmómítà bọ àárín ẹ̀, ẹ wò ó, 71, ó dáa. Lára ọmọrí, téèpù funfun nìyí, a kọ aago tó kúrò lórí iná sí i. Tá a bá fẹ́ tọ́jú ọbẹ̀, a ò kì í gbé odindi ìkòkò gbígbóná sínú fíríìjì, àárín ẹ̀ á ṣì gbóná di òru. Abọ́ pẹlẹbẹ la máa ń pín in sí, kó tètè tutù. Ìrẹsì tó bá kù ká tó ṣíwọ́, èmi àtàwọn ọmọ mi la ń jẹ ẹ́ ní gbígbóná, a kì í tọ́jú ẹ̀, torí iná tó lè lọ láago 10 kó dé láago 8 àárọ̀, fíríìjì wo ni màá gbára lé?

Àbúrò, ó ku kan. Tó o bá ń ṣu gbuuru tàbí tó ò ń bì, pè mí, má wá. Ó di ìgbà tó bá ti dáwọ́ dúró tí wákàtí 48 kọjá. Màá san owó ọjọ́ yẹn fún ẹ, mo sọ ọ́ síwájú gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ń wò wá, tẹ́ ẹ bá ń gé owó ẹni tó ṣàìsàn, ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ ọ láti fi inú rírun pa mọ́ kó wá bu oúnjẹ.

Ọwọ́ tó gé tàbí tó ní egbò, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó wọ gílóòfù.

Ó yá, gba epo yìí, tún fi pa ọwọ́. Máa lọ síbi bọ́kẹ́ẹ̀tì, kà á sókè ká gbọ́. ... Má sáré, àtàǹpàkò. Ẹ̀hẹn. Nù ún. Kó o wá fún mi ní tíṣù tuntun.

Ẹ súnmọ́ ọn. Abẹ́ èékánná, ìdí àtàǹpàkò, àárín ìka. Tíṣù funfun. Ó yá, gbé ìkòkò ẹ̀wà yẹn kaná, àwọn ọlọ́kadà ti ń dé.