Orúkọ Kan Náà Ni Ká Máa Pè É: Ìjábọ̀ Àwòrán CT fún Páńkíríásì Tó Wú Lójijì

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ìjábọ̀ tí dókítà tó ń ka àwòrán CT (àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ onítànṣán ń yà) máa ń kọ nígbà tí páńkíríásì aláìsàn bá wú lójijì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ̀yìn àpòlúkù ni páńkíríásì sùn sí. Òun ló ń pèsè insulin àti èròjà tó ń da oúnjẹ nínú ìfun. Bí òkúta inú òróòro tàbí ọtí bá dà á láàmú, èròjà yìí kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ páńkíríásì fúnra rẹ̀.

Àwòrán kan náà ni ẹni mẹ́ta lè wò, kí ọ̀kan kọ ọ́ pé omi ló kó jọ, kí èkejì pè é ní pseudocyst (àpò omi tí ògiri yí ká), kí ẹ̀kẹta sì ní ọyún ni. Ìwé yẹn ni oníṣẹ́ abẹ máa kà kó tó pinnu bóyá kí òun fa ohun tó kó jọ náà jáde tàbí kí òun ní sùúrù. Bí a bá fún un ní orúkọ tí kò bá a mu, ó lè ti rọ́bà bọ ibi tí kò yẹ ká fọwọ́ kàn rárá, kí àkóràn sì gba ibẹ̀ wọlé.

Ní 1992, àwọn onímọ̀ ìṣègùn pàdé ní Atlanta ní Amẹ́ríkà láti fẹnu kò lórí orúkọ tí gbogbo ayé á máa lò. Wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀ ní 2012, èmi sì gbà pé orí àtúnṣe yẹn ló yẹ kí fọ́ọ̀mù ìjábọ̀ wa dúró lé. Ìbéèrè méjì ló gbé e ró: ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹran ara tó ti kú wà nínú ohun tó kó jọ náà, àbí omi lásán ni?

Bí kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tó sì jẹ́ omi nìkan, acute peripancreatic fluid collection ni, èyí tó sábà máa ń gbẹ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí ògiri bá ti yí omi náà ká, ó di pseudocyst. Tí ẹran tó ti kú bá wà níbẹ̀, acute necrotic collection là ń pè é kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé. Tí ògiri bá ti yí i ká lẹ́yìn náà, walled-off necrosis ni. Nígbà míì, CT kì í jẹ́ ká dá ẹran tó ti kú mọ̀ yàtọ̀ sí omi. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Torí náà, ẹ jẹ́ kí àyè "kò dájú" wà nínú fọ́ọ̀mù, ká sì lò ó láìtijú.

Ohun tó ká mi lára jù ni ọjọ́ tí ìrora bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí aláìsàn dé ilé ìwòsàn o. Láìsí ọjọ́ yẹn, kò sí èyí tá a lè fọkàn balẹ̀ pè nínú orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bákan náà, àwòrán tá a yà láàárín wákàtí 72 àkọ́kọ́ lè má tíì fi ẹran tó kú hàn, tàbí kó fi díẹ̀ hàn nínú púpọ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ń ka ìjábọ̀ rí i níbẹ̀ pé ó ti yá jù láti sọ pé páńkíríásì kò kú.

Ká kọ ìwọ̀n tó kú pẹ̀lú: kò tó 30%, ó wà láàárín 30 sí 50%, tàbí ó ju 50% lọ. Ká sọ bóyá afẹ́fẹ́ wà nínú ohun tó kó jọ, nítorí ó sábà máa ń jẹ́ àmì àkóràn. Bóyá òkúta wà nínú òróòro. Bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú splenic vein, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba ẹ̀yìn páńkíríásì kọjá. Bí kò bá sí, ká kọ ọ́ pé a wò ó, kò sí. Àmọ́ ká má kọ "severe" (pé àìsàn náà le gan-an) sínú ìjábọ̀ nítorí pé àwòrán burú lójú. Bí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró tàbí kíndìnrín bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ju wákàtí 48 lọ la fi ń mọ ìyẹn, ọwọ́ dókítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló sì wà.

Nǹkan kan wà tí fọ́ọ̀mù nìkan kò lè gbé: pseudoaneurysm, níbi tí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ti jẹ tó sì yọ síta. Ó lè bẹ́ nígbàkigbà. Bí ẹ bá rí i, ẹ kọ́kọ́ gbé fóònù, kí ẹ pe dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn náà, lẹ́yìn náà kí ẹ wá parí ìjábọ̀ yín.