Kí ló dé tí fóònù fi ń gbóná tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dáa?

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin tèmi. Ṣé ẹ ti kíyèsí i pé tẹ́ẹ bá ń fi fídíò ránṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti dáa, fóònù á gbóná bíi kẹ́ẹ jù ú sílẹ̀, bátìrì á sì máa sáré lọ, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ bá kàn ń wo fídíò, kò kí ń rí bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ á ní bátìrì ló ti bàjẹ́, wọ́n á lọ ra òmíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, bátìrì kọ́.

Chip kékeré kan wà nínú fóònù tí wọ́n ń pè ní power amplifier, PA ni màá máa pè é. Òun ló ń gba sígínà tó rọ̀, tó ń sọ ọ́ di alágbára kó tó gba áńténà jáde lọ bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìgbà tí fóònù bá ń ránṣẹ́ jáde nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Tí òpó bá sì jìnnà, òpó yẹn fúnra ẹ̀ ló máa sọ fún fóònù pé mi ò gbọ́ ẹ o, pariwo si, PA á wá fi kún agbára.

Lórí 4G, agbára tí fóònù fi ń pariwo kìí sábà ju nkan bíi 200 mílíwáàtì lọ. Ó kéré, àbí? Ṣùgbọ́n ká ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí PA ń gbà ló ń sọ di sígínà, á jẹ́ pé ó ní láti fa 500 mílíwáàtì nínú bátìrì kó tó rí 200 yẹn mú jáde, 300 tó kù di ooru, ọwọ́ yín ló ń gbà á.

Láyé GSM tó dé Nàìjíríà ní 2001, wàhálà yìí ò pọ̀ tó báyìí. Gíga sígínà GSM dúró sójú kan, torí náà wọ́n lè ti PA dé òpin agbára ẹ̀, ibẹ̀ gan ló sì ti ń lo iná dáadáa jù. 3G wá dé, 4G tẹ̀lé e, gbogbo wa ń fẹ́ dátà púpọ̀, wọ́n wá jẹ́ kí gíga sígínà náà máa gbé ọ̀rọ̀. Ẹ wo ìlà búlúù orí skrínì yìí, gíga sígínà nìyẹn, ẹ wo bó ṣe ń fò sókè tó ń já wálẹ̀. Ìlà pupa tó wà lókè ẹ̀ ni iná tó ń wọ PA, kò mira rárá, ó ń dúró de góńgó tí kìí pẹ́ níbẹ̀. Bí awakọ̀ tó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá láti Ìbàdàn dé Ṣágámù tó wá ń fi búréèkì nìkan dín eré kù ló ṣe rí. Gbogbo àyè tó wà láàárín pupa àti búlúù yẹn, òfò ni.

Àwọn tó ṣètò 4G mọ̀. OFDM, ìyẹn ọ̀nà tí òpó ń gbà di ọ̀rọ̀ sínú sígínà tó bá ń bá fóònù sọ̀rọ̀, góńgó ẹ̀ ga jù, wọn ò jẹ́ kí fóònù fi dáhùn, ọ̀nà míì, SC-FDMA, tí góńgó ẹ̀ rẹlẹ̀ ni wọ́n fún un. Ìpinnu yẹn dùn mọ́ mi, torí ẹni tó ni bátìrì ni wọ́n rò.

Kí òfò yìí lè dín kù, láti 1936 ni William Doherty ti ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà ti so amplifier méjì pọ̀, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, èkejì á dìde tí góńgó bá dé. Orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló pọ̀ sí. Ó ṣòro nínú fóònù, torí bẹ́ẹ ṣe di fóònù mú ń da áńténà rú, ìyẹn sì ń da Doherty rú.

Èyí tó wọ fóònù ni envelope tracking. Chip kan ń wo gíga sígínà, bó bá gòkè, fólítéèjì tó ń wọ PA á gòkè, bó bá sọ̀ kalẹ̀, òun náà á sọ̀, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, pupa á wá máa tẹ̀lé búlúù. Samsung Galaxy Note 3 gbé chip Qualcomm tó ń ṣe é jáde ní 2013. Irú èyí tó lọ́ra ti wà ṣáájú, average power tracking, ó dáa tẹ́ẹ bá sún mọ́ òpó, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ bá jìnnà, iná ti wà lókè pátápátá, kò rí nkan dín kù.

Kò rọrùn o. Tí fólítéèjì bá pẹ́ lẹ́yìn sígínà díẹ̀ báyìí, sígínà á dàrú, á máa ṣèdíwọ́ fún chánẹ́ẹ̀lì ẹlòmíì. Chip tó ń tẹ̀lé yẹn náà ń jẹ iná, tóun náà bá ń fi ṣòfò, kí la jèrè? 5G tún wá le si, fífẹ̀ chánẹ́ẹ̀lì 4G kan kìí ju 20 MHz lọ, ti 5G lè tó 100 MHz, àfi kó sáré bíi ìlọ́po márùn-ún. Joel Dawson àti David Perreault tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà dá ilé iṣẹ́ Eta Devices sílẹ̀ lórí ọ̀nà míì, kí fólítéèjì máa fò láti ìpele kan sí òmíràn dípò kó máa tẹ̀lé gbogbo bí sígínà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, Nokia sì ra ilé iṣẹ́ náà ní 2016.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń yẹ fóònù tuntun wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé ka mAh bátìrì fún wa nìkan. Ẹ gbé e lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti dáa, ẹ fi fídíò ńlá kan ránṣẹ́, kẹ́ẹ wá wọn bó ṣe gbóná tó àti iye bátìrì tó jẹ.