Fáàfù ọ́síjìn: èyí tó yẹ kẹ́ẹ rà àti bẹ́ẹ ṣe máa ṣí i

Asalamu alekun o, ẹ̀yin wẹ́dà ẹgbẹ́ mi, láti Gáà Akánbí n'Ílọrin níbí ni mo ti ń kí yín. Ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé fáàfù wo, ìyẹn ohun tí à fi ń ṣí ọ́síjìn tí à sì fi ń tì í, la lè fi sórí páìpù ọ́síjìn, ó yá, ẹ sún mọ́bí.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, idẹ ni. Idẹ ni kẹ́ẹ rà, torí kì í tètè gbiná nínú ọ́síjìn bíi ti irin. Alumíníọ̀mù? Rárá o! Ball valve yẹn náà, tẹ́ẹ máa yí ọwọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó máa ṣí gbàgà, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn plọ́ḿbà, níbi tí présọ̀, ìyẹn agbára tí ọ́síjìn fi ń tì, bá ti pọ̀, èyí tí à ń yí díẹ̀díẹ̀ là ń lò, kí wọ́n sì ti fọ̀ ọ́ fún iṣẹ́ ọ́síjìn kó tó dé ọwọ́ yín, inú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa ló máa ń wà, ẹ má tú u àfi tẹ́ẹ bá fẹ́ dè é.

Ẹ̀gbọ́n kan láti Ọ̀ffà bi mí pé fáàfù tòun le, ṣé kóun fi gíríìsì díẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò! Afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí, 21 nínú 100 péré ni ọ́síjìn ẹ̀, tinú sílíńdà fẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ́síjìn pátá, présọ̀ ẹ̀ sì lè tó 150 bar (bar là fi ń wọn présọ̀), tí gíríìsì bá pàdé ẹ̀ ó lè gbiná láìsí ìṣáná. Ẹ bi àwọn tó gba fìrídọ̀mù lọ́dọ̀ mi, mo máa ń gbóòórùn ọwọ́ wọn ni kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ́síjìn.

Ó dáa, ṣíṣí fáàfù orí sílíńdà ló kù. Ẹ kọ́kọ́ ṣí sílíńdà díẹ̀ fììì, kó fẹ́ ìdọ̀tí ẹnu ẹ̀ dànù, kẹ́ẹ tì í, kó má kọjú sí èèyàn tàbí iná o. Ẹ de rẹgulétọ̀, èyí tó ń dín présọ̀ kù, ẹ yí ìdè iwájú ẹ̀ tí à fi ń ṣètò présọ̀ títí táá fi dẹ̀ pátá, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má dojú kọ géèjì tó ń fi présọ̀ hàn. Ẹ wá rọra ṣí sílíńdà. Mo ní ẹ rọra! Ṣẹ́ẹ rí bí páǹpù kẹ̀kẹ́ ṣe ń gbóná tẹ́ẹ bá ń fún un kíákíá, bí ọ́síjìn ṣe ń gbóná nìyẹn tó bá ya wọ rẹgulétọ̀ lójijì, rọ́bà inú ẹ̀ lè gbiná. Tọ́wọ́ géèjì bá dúró, ẹ ṣí i dópin.

Tó bá ń jò, ẹ kọ́kọ́ ti sílíńdà kẹ́ẹ tó fún nǹkankan le. Fáàfù tó bá ṣì le, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.