Ẹ̀yin Ọ̀gá Àdúgbò, Ẹ Jáde Wá

Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n wá sọ bí ọwọ́ èèyàn ṣe ń já fáfá sí i nídìí géèmù ìjà. Ẹ jẹ́ kí n ti Lahore bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Lahore ní Pakistan ni Arslan Ash. Tekken, géèmù ìjà kan, ló ń ta. Kí 2019 tó dé, ará Kòríà àti ará Japan ni aráyé mọ̀ sí ọ̀gá nídìí géèmù yẹn. Ọdún náà ni Arslan gbégbá orókè ní Evo Japan (ìdíje géèmù ìjà ńlá ni Evo), nígbà tó sì di oṣù kẹjọ, ó gba Evo ti Las Vegas ní Amẹ́ríkà mọ́ ọn. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ó ní àwọn tó gbóná bí òun ṣì pọ̀ nílé. Knee, àgbà ọ̀jẹ̀ ará Kòríà, kò jókòó jiyàn. Ó wọ bàálù lọ bá wọn ní Pakistan.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹni mélòó lẹ ń bá ta ládùúgbò? Mẹ́ta? Mẹ́rin? Ẹ ti mọ ìgbà tí Kúnlé máa fò, ẹ mọ̀ pé bẹ́rù bá ti ń bà á, ẹ̀yìn ló máa sá sí. Kúnlé lẹ mọ̀ yẹn, ẹ ò tíì mọ géèmù.

Ẹ jáde lọ síbi ìdíje, ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró. Ní ọ̀pọ̀ ìdíje géèmù ìjà, bí wọ́n bá nà yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò tíì lọlé. Wọ́n á kó yín sápá àwọn tí wọ́n ti nà lẹ́ẹ̀kan, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún nà yín kẹ́ ẹ tó palẹ̀ mọ́. Èèyàn lè gba apá yẹn dé àṣekágbá. Ibẹ̀ ni Daigo Umehara, ọ̀gá ará Japan, wà ní Evo 2004, ní California, tí ẹ̀mí rẹ̀ nínú géèmù ku bíńtín, tí Justin Wong, ará Amẹ́ríkà tó ń bá a ta, wá ń fi ẹsẹ̀ ta á nípàá, ìgbà 15 léraléra. Daigo gbá wọn dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì borí. (Wọ́n padà nà án ní àṣekágbá o, àmọ́ ta ló rántí ìyẹn?)

Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìdíje tí mo kọ́kọ́ lọ, mi ò yẹ bọ́tìnnì páàdì wò. Ẹni tó ta kẹ́yìn ti pààrọ̀ wọn. Mo tẹ ẹ̀ṣẹ́, ẹsẹ̀ ló ń jáde. Ọwọ́ mi ń làágùn, ojú sì ń tì mí láti ní kí wọ́n dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe nà mí lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbà kejì, bọ́tìnnì pé, mi ò ní àwáwí. Ọmọ girama kan ló nà mí, 3 sí òdo. Mo fa àga sún mọ́ ọn, mo bi í pé kí ló rí lára mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń dìde nílẹ̀ lẹ máa ń tàpá." Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo ti ń tàpá bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi nílé ò sọ ọ́ rí, torí àwọn náà ń tàpá.