Irú ní Dakar

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o, èmi nìkan ni mo wà nídìí máìkì lónìí, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ariwo, bọ́ọ̀sì ló ń kọjá lábẹ́ fèrèsé mi, London náà nìyẹn.

Látìgbà tí yunifásítì ti kó àwa tá à ń kọ́ Faransé lọ sí Dakar, olú ìlú Senegal, fọ́sẹ̀ mẹ́ta, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ̀ ń bi mí, jollof wọn ńkọ́. Ó dáa. Ceebu jën lorúkọ ẹ̀, ìrẹsì òun ẹja ni, ọ̀dọ̀ àwọn Wolof, ẹ̀yà kan níbẹ̀, lorúkọ jollof gan-an ti wá, UNESCO sì ti fi tiwọn kún ogún àṣà àgbáyé ní 2021, ẹ jẹ́ ká yé jà. Ó dùn kú! Abọ́ ńlá kan ni gbogbo ilé máa yí ká, ọ̀gangan iwájú ẹ lo ti máa bù ú, Yaay, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá nìyẹn, ìyá tó gbà mí sílé, á máa fìka já ẹja síwájú mi, kí n tó gbé e mì kárọ́ọ̀tì ti tún dé.

Ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó o. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ń bọ̀ láti kíláàsì, orí àtẹ̀gùn ni mo ṣì wà tí òórùn kan ti gbá mi nímú, mo dúró gbagidi. Irú! Irú tiwa yìí! Mo wọ kíṣìnnì, Yaay ń se ọbẹ̀ ilá, soupou kandja, epo pupa léfòó lójú ẹ̀, mo ní kí lẹ fi sí i, wọ́n nawọ́ sí ike kan, wọ́n ní nététou. Èso igi igbá kan náà ni. Ó dúdú, ó lẹ̀ mọ́ra, ó ń rùn bó ṣe yẹ kó rùn.

Ojú tì mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 13, ọ̀rẹ́ mi kan tẹ̀lé mi wálé láti school, ó fọwọ́ bomú, mo ní gọ́tà ló dí. Mọ́mì gbọ́. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn lọ ṣí fèrèsé, àtọjọ́ náà ni wọn ò ti fi irú sọ́bẹ̀ mọ́ àfi témi ò bá sí nílé, wọ́n á wá fi náílọ̀n mẹ́ta wé ìyókù sínú fírísà.

Mo ra nététou bọ̀, inú ìbọ̀sẹ̀ ni mo kó o sí. Mọ́mì tú u, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní wọn ò ṣà á dáadáa, òkúta wà níbẹ̀. Wọ́n sì sè é, ọjọ́ Sátidé, ọ̀sán gangan. Wọ́n ti ń nawọ́ sí fèrèsé kí n tó sọ pé ẹ fi sílẹ̀ mọ́mì, òtútù ń mú mi.