Bí Tab Ṣe Ń Bá Wa Parí Àṣẹ

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bọ́tìnì Tab tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kéré lójú, àmọ́ ó lè gba iṣẹ́ ọdún kan lọ́wọ́ ìparun.

Ẹ jẹ́ ká ní fáìlì yín ń jẹ́ `owo osu.txt`. Bí ẹ bá kọ `rm owo osu.txt` sínú Terminal, ojú ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, fáìlì méjì ni bash, ètò tó ń gba àṣẹ wa níbẹ̀, rò pé ẹ ní kí òun pa: `owo` àti `osu.txt`. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá wà níbẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Àṣẹ `rm` kì í sábà bi èèyàn léèrè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ `rm ow` tí ẹ tẹ Tab, bash á wo inú fódà fúnra rẹ̀, á kọ `owo\ osu.txt`, á sì fi àmì sáàárín kó má bàa pín sí méjì. Bí kò bá rí ohun tó jọ ọ́, á dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni kí ẹ máa fiyè sí: ó ń kìlọ̀ fún yín kí ẹ tó tẹ Enter.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ara TENEX, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, ni Ken Greer ti rí i tó fi gbé e wọ tcsh, ètò míì tó ń gba àṣẹ bíi bash, kí Brian Fox tó gbé bash jáde lọ́dún 1989.

Lórí Linux tó ń jẹ́ Debian tàbí Ubuntu, ẹ kọ `sudo apt install bash-completion` kí Tab lè mọ àṣẹ púpọ̀ sí i, kí ẹ sì ṣí Terminal tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú iṣẹ́ kan tí ẹ fi git, ètò tó ń tọ́jú àyípadà inú iṣẹ́, ṣe, ẹ kọ `git checkout`, ẹ fi àlàfo kan sí i, kí ẹ tẹ Tab lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ yín á tò jáde. Ẹ ṣe fáìlì `~/.inputrc`, tó ń sọ fún bash bí bọ́tìnì ṣe máa ṣiṣẹ́, kí ẹ kọ èyí sínú rẹ̀:

```
$include /etc/inputrc
set completion-ignore-case on
set show-all-if-ambiguous on
TAB: menu-complete
```

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn, tó ń jẹ́ kí Tab máa gbé orúkọ fáìlì wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣe pàtàkì fún àwa tó ń fi Yorùbá sọ fáìlì lórúkọ. Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ “ọ̀” sínú kọ̀ǹpútà ju ẹyọ kan lọ: “ọ” odindi kí àmì ohùn tó tẹ̀ lé e, tàbí “o” lásán, lẹ́yìn náà àmì ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà àmì òkè. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Báìtì ni bash ń kà ní tiẹ̀, kò sì gbà pé wọ́n bára mu. Ẹ lè kọ “ọ̀” kí Tab dákẹ́, kí `ọ̀rọ̀.txt` sì wà níbẹ̀ gbagidi. Ibí nìkan ni mi ò ti ní kí ẹ gba ìdákẹ́ rẹ̀ gbọ́. Ẹ má kọ lẹ́tà kankan: ẹ kọ `cat`, ẹ fi àlàfo sí i, kí ẹ máa tẹ Tab títí tó fi máa kan `ọ̀rọ̀.txt` yín.

Ẹni tó ń lo Mac, zsh, ètò míì bíi bash, ni wọ́n ń gbé fún un láti Catalina ọdún 2019, `.inputrc` ò sì ràn án. Kó kọ `autoload -Uz compinit && compinit` sínú `~/.zshrc`.

Ẹ tún lè kọ́ bash ní àṣẹ tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe. Bí ẹ bá ní èyí tó ń ṣe àdàkọ fáìlì, tó ń jẹ́ `adako`, ẹ fi èyí sí `~/.bashrc`:

```
complete -W "bere duro wo" adako
```

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ni Tab á máa fi parí `adako`. Ní Terminal tuntun, `adako d` àti Tab á di `adako duro`. Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí bash mọ̀ nípa rẹ̀, `complete -p adako` ni; èyí tó ń mú un kúrò ni `complete -r adako`.